Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ tí wọ́n gbé wá sí abúlé wa: mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àyẹ̀wò jẹjẹrẹ tí wọ́n wá ṣe lábúlé wa yìí, torí látìgbà tí mo ti padà sí Ìlọrin làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé ó dáa, ṣé ó ń dunni, ṣé òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi obìnrin ṣe nǹkan míì. Ọ̀fẹ́ ni. Ó dáa. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ọ̀kan tí mo yọ yẹn náà mo máa sọ ohun tó fà á, kò sì kéré lójú mi rárá. Abúlé wa wà lẹ́yìn Òmù-Àrán, n ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kan wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ibẹ̀ sì kéré, tí mo bá ti dárúkọ abúlé pẹ́nrẹ́n wọ́n máa mọ onílé tí mò ń sọ.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò lọ́jọ́ iṣẹ́ tí mo wọ mọ́tọ̀ lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìyá Alákàrà là ń pè wọ́n, kókó kan yọ sí wọn lọ́yàn. Kò dùn wọ́n, torí náà wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kókó tí kò dunni, ta ló máa tìtorí ẹ̀ tú ọyàn sílẹ̀ fún dókítà ọkùnrin? Nígbà tó tó bí ọdún kan wọ́n sọ fún ìyá mi nìkan, àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó fún wọn ní àgbo àti nǹkan tí wọ́n á máa fi pa á, bàbá yẹn ní ayé ló ta wọ́n lọ́fà. Ìgbà tó fi máa bẹ́, tó di egbò, tí òórùn ẹ̀ gba gbogbo yàrá, ìgbà yẹn la tó gbé wọn wá sí Ìlọrin. Dókítà tó rí wọn ò bá wa jà, ó kàn béèrè pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi dá a lóhùn, ló bá dákẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ la sin wọ́n. Ohun tó ń dùn mí dòní ni pé Ìlọrin nibí lèmi ń gbé, tí wọ́n bá sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ǹ bá ti wá gbé wọn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àìmọ̀kan ló ń pa àwọn obìnrin wa. Ìyá Alákàrà mọ̀ pé nǹkan ń ṣe àwọn o. Ojú ló ń tì wọ́n.

Torí náà nígbà tí àbúrò mi pè pé wọ́n ń gbé àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọyàn àti ti ẹnu ilé ọmọ bọ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nídìí sùkúù, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé obìnrin ló máa yẹ èèyàn wò. Ó ní obìnrin ni gbogbo wọn, dókítà ọkùnrin kan ń bá wọn bọ̀ àmọ́ ìta ló máa jókòó sí, á máa bá èèyàn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní ó dáa, mò ń bọ̀, kó sọ fún Màmá kí wọ́n má lọ sóko.

Ibi tí mo ti fẹ́ kọ́kọ́ yìn wọ́n ni bí wọ́n ṣe pe àwọn èèyàn. Mo ti rí tàwọn míì tó jẹ́ pé pósítà ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri ní káńsù, ọjọ́ á pé, wọ́n á ta tẹ́ǹtì, èèyàn mẹ́fà á yọjú, wọ́n á wá lọ máa sọ pé àwọn ará oko ò ka ìlera sí. Àwọn wọ̀nyí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni méjì nínú wọn ti wá kí Baálẹ̀, láti ibẹ̀ wọ́n lọ sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, Ìyálọ́jà ló sì sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n mú yẹn ọjọ́ ọjà ni, kò sóbìnrin tó máa fi gàrí àti epo ẹ̀ sílẹ̀ wá na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n fi ọjọ́ méjì sí i. Ìmáàmù sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ọkọ ló sì bá wí, ó ní ẹni tí ìyàwó ẹ̀ bá fẹ́ lọ kó má dá a dúró. Pásítọ̀ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Akéde tún jáde lálẹ́ tó ṣáájú.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò kọ́kọ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Akéde ò dárúkọ jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò ìlera àwọn obìnrin ló ń pariwo. Mo ní ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn nìyẹn. Ìgbà tí mo débẹ̀ ló tó yé mi, lábúlé, ẹni tí wọ́n bá rí tó tò fún jẹjẹrẹ, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti sọ pé ó ti ní in. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pe gbogbo obìnrin, gbogbo wọn á jọ jókòó, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ nínú wọn. Nígbà tá a sì jókòó tán, kí ẹnikẹ́ni tó tú bọ́tìnì kan, wọ́n dárúkọ jẹjẹrẹ ketekete, wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é lè gba ti ẹ̀jẹ̀ ríru kó máa lọ sílé, ẹnikẹ́ni ò ní bi í. Ẹni mẹ́ta ló lọ. Méjì nínú wọn padà wá lọ́sàn-án.

Nọ́ọ̀sì tó bá wa sọ̀rọ̀, ọmọ Ìgbómìnà ni, a mọ̀ ọ́n lẹ́nu ẹ̀ kíá, ara tu àwọn ìyá. Ó ní kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní HPV, òun ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ibi ìbálòpọ̀ ló ń gbà dé ara, ó sì wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin ló ti ní in rí láìmọ̀. Ara máa ń lé e lọ fúnra ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Lára àwọn kan ló máa ń jókòó sí, á wá máa ba ẹnu ilé ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè lò tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ, àfi tí ara onítọ̀hún ò bá lágbára, bí àwọn tó ní HIV, nígbà náà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo ọdún yẹn, kò ní máa dun obìnrin náà, kò ní mọ nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lẹ́yìn téèyàn bá wà pẹ̀lú ọkọ ẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó tún dé lára ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti jìn kí ìyẹn tó yọjú. Torí náà ẹni tí nǹkan kan ò ṣe gan-an ni àyẹ̀wò yìí wà fún.

Ibi tó le fún àwọn èèyàn wa nìyẹn. Ara ẹni le, kí lèèyàn ń wá lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì? Ó ní ṣé ẹ kì í lọ wo iṣu tẹ́ ẹ kó jọ ni, ṣé dìgbà tó bá rà tó ń rùn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń débẹ̀? Ẹ̀ ń lọ wò ó, èyí tó bá fẹ́ bàjẹ́ lórí ẹ ó gé ibẹ̀ dànù, ẹ ó jẹ ìyókù. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá kan wá béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ fẹ́ béèrè, ó ní tí wọ́n bá rí kòkòrò yẹn lára òun, ṣé ọkọ òun ló kó o wálé nìyẹn? Mo rí i pé wọ́n ti gbọ́ ìbéèrè yẹn tẹ́lẹ̀ torí nọ́ọ̀sì yẹn ò ronú lé e lórí. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó kó o ran ẹnì kejì, ó lè ti wà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn kó má sọ̀rọ̀, ẹ má fi dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn yìí, mo máa padà sórí ẹ̀.

Ìyàwó Ìmáàmù ló kọ́kọ́ wọlé. Kò tó ogún ìṣẹ́jú ó jáde, ó ń so ìró ẹ̀, ó ní kò ju kí wọ́n yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ èèyàn lọ. Bẹ́ǹṣì tó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn tó ń sọ pé àwọn á wo bó ṣe máa rí ná wá ń béèrè nọ́ńbà.

Nọ́ńbà tèmi 37. Yàrá méjì péré ni wọ́n ń lò, torí náà mo jókòó títí, àwọn ìyá àgbà náà jókòó títí, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹni ọdún 60 ó lé máa dúró de ọ̀sán láìsí omi pọ́ọ̀wọ́tà kan, ẹ bá mi sọ fún wọn. Àmọ́ inú yàrá yẹn, n ò ní ẹ̀sùn kankan. Wọ́n ti fi àǹkárá bo wíńdò, ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́ látinú, ẹni tó ń kọ orúkọ jókòó jìnnà débi tí kò lè gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Ìró yín lẹ máa fi bora, wọn ò ní kẹ́ ẹ bọ́ra sílẹ̀. Kò sí iná, tọ́ọ̀ṣì ni nọ́ọ̀sì dè mọ́rí. Gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe ló ń sọ kó tó ṣe é, mo fẹ́ fọwọ́ kan itan yín o, irin yìí tutù díẹ̀ o, ẹ mí sísàlẹ̀. Irin yẹn rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, òun ni wọ́n fi ń ṣí ojú ara kí wọ́n lè rí ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n wá fi òwú bọ fínígà tí wọ́n ti bu omi là, wọ́n fi pa ibẹ̀, ó ta mí fínfín, wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú kan. Tí ibì kan bá di funfun, ibẹ̀ ló ń fẹ́ bàjẹ́. Tèmi ò funfun. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Mo ti pé ọdún 41, ọmọ mẹ́ta ni mo bí ní ọsibítù, àárín Ìlọrin ni mo wà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa wo ibẹ̀ fún mi nìyẹn. Dókítà tó wà níta sọ pé ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ń lé ni pé tó bá fi máa di 2030, kí obìnrin 70 nínú 100 ti ṣe àyẹ̀wò tó dáńtọ́ kí wọ́n tó pé 35, kí wọ́n tún ṣe é kí wọ́n tó pé 45. Mo wo bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí láàárọ̀, kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tó ti ṣe é rí.

Ọyàn, ọwọ́ ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ yíká títí dé abíyá, wọ́n sì kọ́ wa ní bá a ṣe máa mọ ọyàn wa fúnra wa: kókó tí kò lọ, awọ tó ń rí bí èèpo ọsàn, orí ọyàn tó wọ inú, ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ẹ má dúró de kó dùn yín. Ìyá mi ń mi orí, mi ò wo ojú wọn.

Màmá ti pé 63, wọn ò ṣe ti fínígà fún wọn. Wọ́n ní tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ibi tí wọ́n fẹ́ wò yẹn máa ń fà wọ inú, ojú ò ní rí i dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan báyìí ni wọ́n fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, kí wọ́n fúnra wọn tì í bọ ojú ara, kí wọ́n yí i, kí wọ́n gbé e wá, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù ní Ìlọrin láti wá HPV. Ẹ ò rí ohun tí mo rí. Àwọn ìyá tó jẹ́ pé o ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ara láéláé, wọ́n ń gba búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń lọ sẹ́yìn kọ́tìnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ẹnikẹ́ni ò wò wọ́n, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Tí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn, búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni màá mú.

Obìnrin kan nínú wa, tiẹ̀ funfun. Wọn ò ní kó máa lọ sílé kó padà wá. Irin kékeré kan wà tó ń lo bátìrì, ó ń gbóná, òun ni wọ́n fi kan ibẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n jó ibi tó ń bàjẹ́ yẹn kúrò, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí rírán, ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó má sún mọ́ ọkọ ẹ̀ fún oṣù kan, ìyẹn ló sì kó ìpayà bá a ju irin lọ. Nọ́ọ̀sì bi í pé ṣé kí òun bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ó jáde, ó gbé ìyàwó ẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀kan tí mo yọ. Ríṣọ́ọ̀tì búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n pè é, ó di ọ̀sẹ̀ méje. Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tí mi ò lè fara da ni pé fóònù ni wọ́n fi ń pe èèyàn, nọ́ńbà tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni wọ́n sì ń pè, ọ̀pọ̀ obìnrin abúlé ò ní fóònù, nọ́ńbà ọkọ ni wọ́n kọ. Ẹni tó ń pè láti Ìlọrin yẹn kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó wá, ẹni tó bá gbé fóònù ló ń sọ fún. Ọkọ obìnrin kan ló gbé e. Wọ́n ní wọ́n rí kòkòrò HPV lára ìyàwó yín, kó wá. Wọn ò sọ fún un pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọn ò sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa, pé kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó kó o ran ẹnì kejì. Obìnrin yẹn sun ilé bàbá ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, Ìyálọ́jà àti Ìmáàmù ló lọ bẹ̀ kó tó padà sílé. Gbogbo ìbora, gbogbo àǹkárá lójú wíńdò, gbogbo sùúrù tí wọ́n ti ṣe, fóònù kan ló tú u ká. Ẹni tó bá ń ṣètò èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bi obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ojú ẹ̀ pé ta lẹ fẹ́ ká sọ fún, tí kò bá sì ní fóònù, ẹ fi ríṣọ́ọ̀tì ẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn abúlé, ó mọ ilé gbogbo èèyàn, á kàn ní ẹ wá gba káàdì yín, kò sẹ́ni tó máa fura.

Ohun tó tún ṣẹ́ kù níbẹ̀, kò sí obìnrin Fúlàní kan ṣoṣo. Gáà tí wọ́n ń gbé ò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, wọ́n ń ta wàrà fún wa lójoojúmọ́, akéde ò débẹ̀, nínú àwọn tó wá kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Ilé ọmọ tiwọn náà ní ẹnu. Àwọn ọkùnrin náà béèrè àyẹ̀wò jẹjẹrẹ tiwọn, ti prostate, wọ́n ní ó di ìgbà míì.

Àwọn tó ń bi mí nípa abẹ́rẹ́ àwọn ọmọbìnrin, yàtọ̀ sí èyí ni. Ìyẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó dé Kwara ní 2024, ọmọ ọdún 9 sí 14 ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ àbúrò mi gbà á ní sùkúù, ìyá ọkọ àbúrò mi sọ pé ó máa dí ọmọ náà nínú kó má bímọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kòkòrò yẹn ni wọ́n ń dínà ẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ríṣọ́ọ̀tì Màmá dé, wọn ò rí nǹkan kan. Ti àbúrò wọn obìnrin, ẹni ọdún 56, wọ́n rí kòkòrò yẹn. Wọ́n ní kó lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìlọrin kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó dáadáa, Wẹ́sidé tó ń bọ̀ la máa lọ sí UITH, ọsibítù yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè Oyì, mọ́tọ̀ wọn á já ní Gànmọ́, màá ti dúró dè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ìró tó nípọn dání, kí n sì bá wọn béèrè bóyá dókítà obìnrin wà. Àwọn fúnra wọn ló pè mí lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ gan-an, kò tíì tó wákàtí kan.